Ọjọ́ Tí Orí Mi Há Sí Fèrèsé Bàbá Délé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, kò sí ilé tó wù mí ní Olódì-Àpápá bíi sọ́ọ̀bù Bàbá Délé. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tó dojú kọ títì ńlá ni. Bàbá tó bí Bàbá Délé ló kọ́ ọ, òun náà ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ àwọn ọ̀pá igi tó wà lójú fèrèsé. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á mọ irú sọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀: bí o bá wọlé, òórùn kẹrosíìnì ni yóò kọ́kọ́ kí ọ, kí ti pánla àti ọṣẹ tó tẹ̀ lé e.

Bàbá Délé kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara ti fèrèsé yẹn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń fi òróró nù ún. Wọn á ní, “Ẹ rọra o, ọwọ́ bàbá mi ló wà lára igi yìí.”

Lọ́sàn-án, wọ́n máa ń ti ìlẹ̀kùn, wọn á sùn sórí káńtà. Sìdí, ọ̀rẹ́ mi tí ilé wọn fẹ̀gbẹ́ ti tiwa, ló sọ pé ojú bàbá kì í pa dé bí wọ́n bá ń sùn. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n lọ wò ó. Bí mo ṣe ki orí bọ àárín ọ̀pá méjì nìyẹn. Ojú bàbá pa dé dáadáa, wọ́n tún ń hanrun bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Inú mi dùn pé mo borí Sìdí. Ìgbà tí mo fẹ́ yọ orí ni etí mi kọ̀.

Sìdí fà mí lẹ́sẹ̀, mo figbe ta. Bàbá Délé ta jí, wọ́n rí orí ọmọ lójú fèrèsé láìrí ara, wọ́n sì pe Jésù lẹ́ẹ̀mẹta.

Kíá ni èrò pé jọ. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi epo pa mí létí, ẹlòmíràn ní ọṣẹ ni. Wọ́n fi méjèèjì, mo ń yọ̀ bí ẹja àrọ̀, síbẹ̀ orí ò kúrò. Màmá Éfè, tó ń ta ìpékeré níwájú sọ́ọ̀bù, wò mí títí, ó ní, “Pikin, as e take enter, make e take comot now!” Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ò bá rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rù ti ń bà mí pé ibẹ̀ ni màá ti máa jẹun títí màá fi dàgbà.

Nígbà tó yá, etí mi wú. Ìyá mi ti dé, ẹkún ni wọ́n ń sun. Ẹnì kan ní, “Ẹ jẹ́ ká gé igi yìí.” Gbogbo ojú yí sí Bàbá Délé. Wọ́n fọwọ́ pa ọ̀pá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n wọlé lọ mú ayùn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n gé e. Mo ń gbọ́ èémí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi.

Bí orí mi ṣe bọ́ ni ìyá mi gbé pàṣán. Bàbá di ọwọ́ wọn mú. “Ìyá Fọlá, fi í sílẹ̀. Igi ṣì wà nínú igbó. Ibo lo ti fẹ́ lọ ra orí ọmọ?”

Síbẹ̀ náà, nígbà tí a délé, mo kúnlẹ̀, mo gbé apá sókè títí ìrẹsì fi jinná. Òórùn ìrẹsì yẹn fìyà jẹ mí ju ìkúnlẹ̀ lọ.

Bàbá Délé ti sùn nínú Olúwa tipẹ́. Àbíkẹ́yìn wọn ló tún ilé náà ṣe láìpẹ́ yìí, mo sì lọ wò ó. Páànù tuntun, ọ̀dà tuntun. Wọ́n ti fá pákó káńtà títí ó fi ń dán. Fèrèsé ti pé, n ò tilẹ̀ mọ ọ̀pá tí wọ́n gé nítorí mi mọ́. Kéèkì àti ohun mímu tútù ni wọ́n ń tà níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ sì ń ya fọ́tò lára ògiri.

Ó rẹwà, mi ò ní parọ́. Àmọ́ láyé ijọ́un, ọmọdé kò lè dúró níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí àgbà mẹ́ta má ti bi í pé ọmọ ta ni, ta ló rán an. Ọmọbìnrin kékeré kan jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń tẹ fóònù. N ò mọ ìgbà tí mo bi í pé, “Ọmọ ta ni ẹ́, ọmọ dáadáa?” Ló bá sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

Ìyá náà kúnlẹ̀ díẹ̀. “Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo kìlọ̀ fún un pé kó má dá àlejò lóhùn.”

Mo ní kò burú, pé ọmọ náà káre, nítorí ohun tí wọ́n bá kọ́ ọmọ ló ń ṣe. Mo wá ra kéèkì, mo jókòó jẹ ẹ́, èmi àlejò tí wọ́n bí sí ilé kẹta sí ibẹ̀.