Àpótí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ilé Ọ̀gá Ṣóyẹmí

Ọjọ́ tí Ìyá Títí ṣubú ní bálùwẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ilé wọn ní Ìbẹ̀fún wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ògiri rẹ̀ nípọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í sì í débẹ̀. Ọkọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ní láti fi ọ̀pá gun òkè dé etí títì kó tó lè pe nọ́ọ̀sì. Kó tó padà dé, ìyàwó rẹ̀ ti wà lórí sìmẹ́ǹtì fún bíi wákàtí kan.

Títí, ọmọ wọn tó ń gbé ní Àbújá, wá sọ ojú abẹ níkòó. Ó ní bí fóònù kò bá ṣiṣẹ́ nínú ilé náà títí ìparí oṣù, òun á wá gbé ìyá òun lọ. Bàbá ní òun kò ní fi ilé tí òun fọwọ́ ara òun kọ́ sílẹ̀ lọ sí Àbújá. Bẹ́ẹ̀ ni tọkọtaya tó ti jọ gbé fún ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ṣe fẹ́ pínyà nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Èmi ni Ìyá Títí wá bá ní Òdogbolú. A jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ẹ̀kọ́ ni, kò sí ohun tó lè pa mọ́ fún mi.

"Rẹ̀mí, ìwọ lo mọ iṣẹ́ tẹlifóònù," ó ní. "Ilé iṣẹ́ fóònù ti gbé àpótí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan wá fún wa, kò sì ṣiṣẹ́. Jọ̀ọ́, má wo ti ọkọ mi."

Ó mọ̀ pé ti ọkọ rẹ̀ ni n ó wò. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń bínú sí ọkùnrin náà, n kò sì tíì rí ìdí tí màá fi ṣíwọ́.

Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ṣiṣẹ́ nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Ọ̀gá Ṣóyẹmí, ọkọ Ìyá Títí yìí, ni olórí wa. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ó wo bàtà mi, ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Mísì Ọdúnúgà, ṣé o mọ̀ pé ibí kì í ṣe ilé ìdáná?"

Mo ní, "Mo mọ̀, sà. Ilé ìdáná máa ń mọ́ ju báyìí lọ."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ wa kò ti wọ̀ mọ́.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an ni Bàbá Káríìmù, àgbà oníwáyà tí kì í jẹ́ kí ìrun àílà kọjá, tí kì í sì í jẹ́ kí irọ́ kọjá. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, wáyà kì í purọ́. Ẹni tó ń ròyìn wáyà ló ń purọ́. Fi ọwọ́ rẹ tọ̀ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin." Òun náà ló fi ìwé iṣẹ́ hàn mí, ìwé ńlá kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ohunkóhun gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀, kó kọ aago, kó bu ọwọ́ lù ú. Ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á kà á, á sì kọ "Mo rí i" sí abẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá Ṣóyẹmí ní àṣà kan. Ilé bàbá rẹ̀ jó nígbà tó wà ní kékeré, nítorí náà kò lè kúrò níbì kan láì kọ́kọ́ pa gbogbo ohun tó ń lo iná níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, lẹ́yìn tí mo ti lọ sílé, ó pa ẹ̀rọ tó ń fún àwọn bátìrì wa lágbára, kò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bátìrì wọ̀nyí ló gbé gbogbo tẹlifóònù dúró. Nígbà tí a padà dé ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, gbogbo ẹ̀rọ ti dákẹ́ lọ gbári. Wọ́n ṣí ìwé, orúkọ mi ló gbẹ̀yìn níbẹ̀. Ọ̀gá Ṣóyẹmí dúró síbẹ̀, kò la ẹnu. Bàbá Káríìmù sọ pé òun fi ojú òun rí i nígbà tó ń pa á, wọ́n ní ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì.

Wọ́n gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ, wọ́n ní kí n máa lọ tọ́jú yàrá ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń nu eruku. Bàbá Káríìmù wá kí mi níbẹ̀, ó ní, "Ìwé ló ba orúkọ rẹ jẹ́, ìwé náà ni yóò tún un ṣe. Ní sùúrù." Bàbá kú kí ìwé kankan tó tún nǹkan kan ṣe.

Irú ẹni tí mo lọ bá nílé nìyẹn. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìròyìn. "Mísì, káàbọ̀," ó ní. Mo ti lọ́kọ, mo ti sin ọkọ, mo ti ní ọmọ-ọmọ, Mísì náà ni mo ṣì ń jẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ dé ìdajì. Orúnkún ló ń dùn mí o, kì í ṣe ìgbéraga.

Mo béèrè àpótí náà. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onídígí ni wọ́n gbé e sí, láàárín àwo ìgbéyàwó, wọ́n sì fi aṣọ tí Ìyá Títí fọwọ́ hun bò ó. Ohun tuntun, ibi tí àlejò yóò ti rí i là ń gbé e sí nílẹ̀ wa. Àmọ́ iṣẹ́ àpótí yìí ni pé kó gba íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ láti ara ẹ̀rọ tí wọ́n gbé sórí òrùlé, kó sì sọ ọ́ di nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù nínú ilé, bí òpó ńlá ẹ̀bá ọ̀nà ti ń ṣe níta. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ rí ojú ọ̀run kó lè mọ ibi tó wà, kí ilé iṣẹ́ fóònù sì fún un láyè. Ó lè tó ọjọ́ kan gbáko. Tí iná bá já lójú ọ̀nà, á tún bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀.

Mo gbé e lọ sójú fèrèsé, mo sì fi ọwọ́ tọ wáyà láti òrùlé wá. Nínú iná kékeré mẹ́ta tó wà lára àpótí, ìkíní dúró, ìkejì dúró, ìkẹta ń ṣẹ́jú. Mo ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án títí n ó fi dé lọ́la."

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ kejì, ó tún ti ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ìyá Títí ní iná kò lọ rárá, pé ínfátà wà níbẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Lọ́jọ́ kẹta, mo débẹ̀ kí wọ́n tó jẹun àárọ̀. Wáyà àpótí wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti ká a róbótó, wọ́n dè é láàárín. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé yìí tó ń ká wáyà báyẹn.

"Ọ̀gá, ta ló yọ ọ́?"

"Ó yẹ kí wọ́n yọ ọ́. Èèyàn kì í sùn ti iná."

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń yọ ọ́?"

"Láti ọjọ́ tó ti dé. Mo máa ń tì í bọnú sọ́kẹ́ẹ̀tì padà láàárọ̀."

Ìyá Títí pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Bàbá Títí, ó mà ṣe o. Ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín kó mi lọ sí Àbújá."

"N kò mọ̀," ó ní.

Mo ní, "Ẹ kò mọ̀ nígbà yẹn náà."

Ó gbójú sókè wò mí. Kò béèrè ìgbà wo. Ogójì ọdún ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ fún un lọ́jọ́ tí àyè bá yọ, àmọ́ ìwé iṣẹ́ tí Bàbá Káríìmù fi hàn mí ló sọ sí mi lọ́kàn. Mo jáde lọ ra ìwé àjákọ kan, mo fi okùn so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo so bírò mọ́ ọn. Mo kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ pé ẹni tó bá dé ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ aago àti orúkọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró ṣinṣin. N kò tíì jókòó tí fóònù Ìyá Títí fi dún ní ilé ìdáná, níbi tó ti ń rin ewùrà tí yóò fi se ìkọ́kọrẹ́. A gbọ́ ohùn Títí ketekete.

"Màámi, ibo lẹ wà yìí? Ṣé ẹ gun òkè ni?"

"Òkè wo? Ìdí ìkòkò mi ni mo wà," ìyá rẹ̀ dáhùn. "Má wulẹ̀ wá gbé mi mọ́. Tí o bá ń bọ̀, ìkọ́kọrẹ́ ni kí o wá jẹ."

Bàbá pè mí láti pálọ̀. "Mísì, wá wo ìwé iṣẹ́."

Mo mọ ìkọ̀wé rẹ̀, ó ṣì dà sí ẹ̀gbẹ́ kan bíi tàtijọ́. *Aago mẹ́jọ alẹ́. Mo dé ìdí rẹ̀. N kò yọ ọ́. Ṣóyẹmí.* Ó tún kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé, *Aago mẹ́sàn-án. Mo padà wá. N kò yọ ọ́. Ṣóyẹmí.* Ìkẹta sì nìyí: *Ẹ̀rọ bátìrì, Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ Ẹtì. Èmi ni mo pa á. Mísì Ọdúnúgà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ṣóyẹmí.*

Ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dúró lẹ́yìn mi. "Ṣé bó ṣe yẹ kí n kọ ọ́ nìyẹn?"

"Ẹ kò kọ aago síbi ìkẹta."

"Aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni," ó ní. Kò tilẹ̀ ronú kó tó sọ ọ́.

Mo na bírò sí i, ó kọ ọ́ sí i. Nígbà tó parí, mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, mo kọ "Mo rí i" sí abẹ́ rẹ̀, mo sì fi orúkọ ilé bàbá mi, Ọdúnúgà, bu ọwọ́ lù ú.