Ohùn Tó Pe Ìdùnnúolúwa

Láti ìgbà tí bàbá tó máa ń pìtàn lóru lórí rédíò ti kú, àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ l'Áyétòrò kò yé dárò rẹ̀. Àárò ẹ̀rín rẹ̀ ń sọ àwọn kan, àárò orin rẹ̀ ń sọ àwọn mìíràn. Àṣìkẹ́, ọ̀kan lára wọn, kì í dá sí i.

Nígbà tí àìsàn dá ọmọ Àṣìkẹ́ kan ṣoṣo dúbúlẹ̀, bàbá yìí kí ọmọ náà láàárín ìtàn: "Ìdùnnúolúwa Ayétòrò, ara á yá o." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí oorun fi gbé e lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọmọ náà kú.

Àṣìkẹ́ lọ sí iléeṣẹ́ rédíò lọ béèrè bóyá wọ́n ní ohùn ìkíni yẹn nípamọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá níbẹ̀ ní, "Ẹ má bínú, Màmá. A ò tọ́jú ìkankan."

Lọ́jọ́ kejì, níbi tí wọ́n ti ń bẹ ẹ̀gẹ́, Suliat, ọ̀rẹ́ Ìdùnnúolúwa, ń sín bàbá náà jẹ, gbogbo àwọn obìnrin náà sì ń rẹ́rìn-ín. Àṣìkẹ́ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Jọ̀ọ́, fi ohùn yẹn pe ọmọ mi."

Suliat gbìyànjú. Kò tíì pe orúkọ náà tán tí ẹkún fi gbà á lẹ́nu. Àṣìkẹ́ fà á mọ́ra, àwọn méjèèjì sì jọ sunkún láàárín èèpo ẹ̀gẹ́.