Ogun Tí Bàbá Wa Àgbà Kò Jà

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi nu gíláàsì ní mùsíọ́mù kan ní Berlin, níbi tí wọ́n kó idà àti ẹ̀wù irin àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ sí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà nílé kí n tó wá sókè òkun, àmọ́ etí mi kàwé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí olùkọ́ bá kó àwọn ọmọ iléèwé wá, tó ń ṣàlàyé fún wọn, gíláàsì kan ṣoṣo ni mo máa ń nù títí wọn á fi kúrò níbẹ̀. Ọ̀kan wà tí mo nù tó mọ́ débi pé ẹyẹ fò gba inú rẹ̀ kọjá, kò sì mọ̀ pé òun kọjá nǹkan kan.

Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé àwọn ẹlẹ́ṣin tó búra fún Ọlọ́run, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ bá Mùsùlùmí jagun nítorí Jerúsálẹ́mù, ló ni Tempelhof nígbà kan, àdúgbò kan ní Berlin tí ọkọ̀ mi ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Èmi Mùsùlùmí ló wá ń nu eruku tó bo idà wọn. Mo gbọ́ ti ọba wọn kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ pupa, tó kú sínú odò lójú ọ̀nà ogun kan náà. Àwọn èèyàn rẹ̀ kò gbà pé ó kú. Wọ́n ní ó ń sùn lábẹ́ òkè, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ń hù yí tábìlì ká. Mo sọ fún àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Gesundbrunnen pé èmi ni mo máa ń lọ bá a gẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún. Wọ́n gbà mí gbọ́. Ó dùn mọ́ mi.

Mo tún gbọ́ pé bí ọba méjì bá jà títí tó rẹ̀ wọ́n, ọ̀kan á fún èkejì ní ọmọbìnrin rẹ̀ fi ṣe aya, ogun á sì parí. Èyí ló kó bá mi.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ń gbé ní Altona ní Hamburg. Ọmọbìnrin rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó rí ọmọkùnrin kan tó jẹ́ ẹnjiníà, àwọn òbí rẹ̀ wá láti ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Lọ́jọ́ tí ìdílé méjèèjì máa mọ ara wọn, èmi àgbà ilé ni ọ̀rọ̀ kàn. Gbogbo ojú wà lára mi. Mo wo bàbá ọkọ, Àlàájì tó múra bí ọba, mo sì rò ó pé kí ni mo ní tí mo lè gbé síwájú irú ọkùnrin yìí.

Mo ní, "Àlàájì, nílẹ̀ òyìnbó yìí, aya ni wọ́n fi ń parí ogun. Ohun tí a wá ṣe lónìí nìyẹn. Bàbá wa àgbà gun ẹṣin funfun wọ ìlú yín, ó já ìlẹ̀kùn odi yín, ó kó igba èèyàn yín lẹ́rú. Lónìí, a fún yín lọ́mọ. Ogun ti parí!"

Mo retí àtẹ́wọ́. Àlàájì rọra gbé dàbínù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà sínú àwo.

"Bàbá, ẹ ní ẹrú yín ni àwọn bàbá wa?"

"Rárá o, Àlàájì. Mo ní ó ti parí ni."

"A ò mọ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀."

Ó dìde, gbogbo àwọn èèyàn rẹ̀ dìde tẹ̀lé e. Kúlà ìrẹsì mẹ́ta wà ní kíṣìnì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí. Ọmọkùnrin náà bẹ bàbá rẹ̀ títí. Àlàájì ní ọmọ òun kò ní fẹ́yàwó nílé tó fi ìdè àwọn baba òun yangàn. Ọmọ wa náà ní òun kò ní ṣe nikáà tí bàbá ọkọ kò ní sí níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ogun kankan. Kò sí ẹṣin, funfun tàbí dúdú. Ahunní ni bàbá wa àgbà, ẹní ló ń hun tà.

Oṣù mẹ́wàá kọjá, àbúrò mi kò gbé fóònù mi. Iléyá dé, ó lọ, kò pè. Nígbà tí òtútù mú, olùkọ́ kan kó àwọn ọmọ wá sí mùsíọ́mù, ó sì sọ ìtàn ọba kan fún wọn. Ọba yìí àti póòpù jọ ń fa ọ̀rọ̀ ẹni tó láṣẹ láti fi èèyàn jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Póòpù lé e kúrò nínú ìjọ. Àwọn ìjòyè rẹ̀ ní bí kò bá rí ìdáríjì kí ọdún tó yí po, àwọn á fi ẹlòmíràn jọba. Ọba gun òkè nínú yìnyín, ó dúró lẹ́nu géètì ibi tí póòpù wà, láìwọ bàtà, fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ náà kọjá sí yàrá kejì. Èmi kò lè kúrò níbẹ̀.

Ní Sátidé, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Altona. Mo tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó àbúrò mi ló dáhùn láti òkè.

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ máà bínú. Ó ní òun ò sí nílé."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun náà ni."

Àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò. Bí mo bá ṣe é, èpè ni yóò dà lé e lórí, kò ní jẹ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́. Torí náà, mo yí lọ sábẹ́ fèrèsé rẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo dúró lórí yìnyín. Òtútù náà mú débi pé nígbà tí mo húkọ́, ikọ́ mi jábọ́ sílẹ̀, ó fọ́. Ìyá òyìnbó kan tó ń fa ajá kọjá bi mí bóyá kí òun pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Mo ní rárá, pé ọba ni mí. Ajá gan-an ṣàánú mi.

Fèrèsé ṣí.

"Bọ̀dá, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mo wá bẹ̀ ọ́ ni. Ọba kan dúró báyìí fún ọjọ́ mẹ́ta."

"Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo bá ọmọ mi ka ìwé yẹn nígbà tó wà níléèwé. Ṣé wọ́n sọ ìparí ẹ̀ fún yín?"

"Rárá. Wọ́n ti kọjá sí yàrá kejì."

"Wọ́n dárí jì í. Nígbà tó yá, ó kó ọmọ ogun jọ, ó lọ lé póòpù náà kúrò ní Róòmù. Ẹsẹ̀ yín kọ́ ló ṣẹ̀ mí, Bọ̀dá. Ẹnu yín ni. Ẹ wọ bàtà yín, kí ẹ gòkè wá."

Nígbà tí mo wọlé, ọmọ wa ti gbé omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì gbé ẹsẹ̀ mi sínú omi náà, ó ń yẹ ìka wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò wo ojú mi. Àbúrò mi gbé fóònù sórí tábìlì.

"Àlàájì ni mo ń pè. Ẹ sọ iṣẹ́ tí bàbá wa àgbà ṣe fún wọn."

Àgbà tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ ní òpùrọ́, ta ni yóò tún dákẹ́ fún un nínú ilé? Àmọ́ mo wo orí ọmọbìnrin yẹn, tó tẹ̀ ba sórí ẹsẹ̀ mi.

"Àlàájì, ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó ló ń sọ̀rọ̀."

"Ìyàwó wo?"

Mo gbé e mì. "Àlàájì, irọ́ ni mo pa. Kò sí ogun. Ẹní ni bàbá wa àgbà ń hun. Kò gun ẹṣin rí. Ewúrẹ́ nìkan ló bá jà, èyí tó ń jẹ koríko ẹní rẹ̀. Kò dé ìlú yín rí."

Ẹṣin kan tún sáré wá sẹ́nu mi, ẹṣin tó dára gidi. Àbúrò mi ń wò mí. Mo gbé ẹṣin náà mì.

Àlàájì ní, "Kí ló dé tí ẹ fi pa á nígbà yẹn, Bàbá?"

"Mo rò pé ahunní kò tó gbé síwájú yín."

Mo gbọ́ tí wọ́n fa àga lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ìyá ọkọ ti jókòó tì mí. Ẹ tún un sọ, kí wọ́n gbọ́."

Ọwọ́ ọmọ wa dúró lára ẹsẹ̀ mi nínú omi. Mo tún un sọ. Kò gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.