Bàbá Apẹja Tí Kò Fẹ́ Rì

Kí n tó dé Ẹ̀pẹ́ ni iṣẹ́ míṣọ́nnárì ti sú mi. Ìkòròdú ni wọ́n kọ́kọ́ rán mi lọ, èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí n kò rí omi tó ju odò ẹ̀yìn ilé wa lọ rí. Ìjọ tí àwọn èèyàn ń pè ní Mọ́mọ́nì ni ìjọ wa. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá ti gbà láti lọ ṣe míṣọ́n, ọdún méjì gbáko ni. Kò ní gbélé, kò ní ní ọ̀rẹ́bìnrin, kò sì ní dá rìn, nítorí méjì-méjì ni wọ́n ń rán wa. A máa ń wọ ẹ̀wù funfun, a ó so táì, a ó sì fi báàjì dúdú sí àyà. Orí báàjì yẹn ni wọ́n kọ "Alàgbà" sí ṣáájú orúkọ ẹni, ìyẹn sì ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó ń ta epo pupa ní Ìpakodò máa ń kí mi pé, "Ẹ káàárọ̀ o, Alàgbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n!" Èmi náà á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, nítorí pé alàgbà tí kò bá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá yẹn á gbọ́ tẹnu wọn.

Ẹ̀rín yẹn kò dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé kò sẹ́ni tó dúró. Yorùbá kì í lé àlejò. Wọ́n á fún ọ ní àga, wọ́n á fún ọ ní omi tútù, wọ́n á ṣe àmín sí àdúrà rẹ kíkankíkan, wọ́n á ní kí o padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ọ̀hún, ọmọ wọn kékeré ló máa jáde wá sọ pé wọn ò sí nílé. Tọkọtaya kan wà ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, ará Ìwó ni wọ́n, wọ́n háyà yàrá kan sítòsí omi. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ la máa ń lọ kọ́ wọn, àwọn ọmọ wọn sì ti mọ orin wa kọ. Ní Sátidé kan a débẹ̀, a bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti kó lọ, kò sì sí aládùúgbò tó mọ ibi tí wọ́n kó lọ. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, kì í ṣe díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá gbé mi lọ sí Ẹ̀pẹ́, ìpinnu tí mo gbé débẹ̀ ni pé màá padà sílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan níbẹ̀, mo pe ọ̀gá míṣọ́n wa lórí fóònù, mo sọ fún wọn tààrà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù di ọjọ́ Mọ́ńdé, pé bí ọkàn mi kò bá tíì yí padà, àwọn á rán ọkọ̀ wá gbé mi. Mo ti sọ fún màmá mi náà. Inú wọn dùn, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn ẹgbẹ́ mi ti wọ yunifásítì, èmi ń fi bàtà wọ́lẹ̀ kiri. Wọ́n ti gbá yàrá mi, wọ́n sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò.

Ìdí kan ṣoṣo tí mo fi gbà láti dúró di Mọ́ńdé ni bàbá kan tó yẹ kí n ṣe ìrìbọmi fún ní Sátidé. Apẹja ni bàbá náà tẹ́lẹ̀. Ojú wọn kò ríran jìnnà mọ́, wọn kì í lọ sójú omi, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ni wọ́n ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe fún àwọn tó ṣì ń lọ. Èmi àti ẹnìkejì mi, ọmọ Akwa Ibom tí kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" àti "mo ti yó" lọ, la bá wọn níbẹ̀, a sì ní ká bá wọn ṣe é. Iṣẹ́ tí a ṣe lọ́jọ́ náà, wọ́n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lẹ́yìn tí a lọ. Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi. Síbẹ̀ wọ́n ní ká máa bọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan wọ́n ní, "Láti kékeré ni mo ti ń gbàdúrà lójú omi, mi ò mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó wá dà bíi pé mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Ẹ rì mí bọmi."

Mùsùlùmí ni ìyàwó wọn. Màmá náà kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. "Èmi ò bá yín ṣe o. Inú ẹ̀sìn tí wọ́n bí mi sí ni màá kú sí. Àmọ́ tí bàbá bá máa ṣe é, kí wọ́n ṣe é parí."

Ilé tí ìjọ háyà fún ìsìn kò ní odò ìrìbọmi nínú, nítorí náà etí ọ̀sà la lọ, níwájú Ọjà Olúwo díẹ̀, níbi tí omi kò ti jìn. Àwọn obìnrin tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja lọ dúró wò wá. Ìlànà wa le díẹ̀. Gbogbo ara ni omi gbọ́dọ̀ bò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹlẹ́rìí méjì á dúró, wọ́n á máa wò ó, bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan bá ṣẹ́kù síta, ẹ máa tún àdúrà gbà, ẹ máa tún un ṣe.

Mo fi ọwọ́ kan gbá Bàbá mú lẹ́yìn, mo gbàdúrà, mo sì rọra tẹ́ wọn sẹ́yìn sínú omi. Ara wọn léfòó bíi kèrègbè. Ẹsẹ̀ méjèèjì yọ.

"Leg don show o," ni ẹnìkejì mi wí. Òun ni ẹlẹ́rìí kan.

A tún un ṣe. Orúnkún ló yọ. A tún un ṣe, èmi ni mo sì yára gbé wọn sókè kí iwájú orí wọn tó wọlé. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ọ̀hún ti sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí omi náà gbé èmi lọ. Mo sọ nínú ọkàn mi pé, Olúwa, mo ti gbọ́, mò ń lọ sílé.

Bàbá nu ojú wọn. "Alàgbà, kí ló dé tó o fi ń gbé mi bí ẹyin?"

"Bàbá, àgbà ni yín. Ọwọ́ mi ò gbé e láti tì yín. Ẹ jẹ́ ká rọra ṣe é. Ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ nìgbín fi ń gungi."

"Ṣé èmi wá jẹ́ igi ni? Láti ọmọdé ni mo ti ń bá omi yìí jà kó má baà gbé mi. Ara mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rì. Tó bá jẹ́ pé ojú mi lò ń wò, ibí la máa wà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tẹ̀ mí wọlé. Má gbé ọwọ́ kúrò títí mo fi máa lọ pátápátá."

Màmá pariwo láti etí omi, táwẹ́ẹ̀lì wà léjìká wọn. "Tẹ̀ wọ́n dáadáa, ọmọ mi! Àbí o ò jẹun láàárọ̀ ni?"

Ilé tí wọ́n ti kọ́ mi pé kí n má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti tọ́ mi. Ta ló máa wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ti bàbá ẹni bọ inú omi? Ṣùgbọ́n mo ki ẹsẹ̀ bọ inú ẹrẹ̀, mo gbàdúrà náà sókè ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì tẹ̀ wọ́n pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Omi bo ojú, ó bo àyà, ó bo ẹsẹ̀. Bí mo ṣe tẹ̀ síwájú, ó kan èmi náà ní àgbọ̀n, èmi tí n kò mọ ìwẹ̀. Mi ò gbé ọwọ́ kúrò. Mo sì mọ̀ ọ́n lára nígbà tí Bàbá ṣíwọ́ ìjà, tí ara wọn rọ̀ pẹ̀sẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀rù bà mí, ayọ̀ sì kún inú mi, lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo bí mo ṣe wà ní Ìkòròdú, mi ò bi ẹnì kan léèrè rí tààrà pé ṣé wọ́n á tẹ̀lé Olúwa. Mo kàn ń fi ọwọ́ kan wọn, mo sì ń yára gbé e kúrò kí wọ́n tó sọ pé rárá.

Bàbá yọ sókè, wọ́n wúkọ́, ẹnìkejì mi ni wọ́n kọ́kọ́ wò. "Ó wọlé àbí kò wọlé?"

Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìyẹn. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "E don enter! Everything enter!"

Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ kú oríire o, àmọ́ ẹ ti lé gbogbo ẹja lọ." Bàbá rẹ́rìn-ín títí tí Màmá fi fi táwẹ́ẹ̀lì bò wọ́n lórí bí ọmọdé. Nígbà tí à ń gòkè, Bàbá bi mí nípa ẹ̀kọ́ tó kàn, wọ́n ní àwọn ò ní gbà kí ẹlòmíràn wá kọ́ àwọn o, ọwọ́ mi ti ń le bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ní ó dáa, sà.

Ní Mọ́ńdé, ọjọ́ tí a máa ń fọ aṣọ, ọ̀gá míṣọ́n pè. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ má rán ọkọ̀ wá. Wọn ò bèèrè ìdí, wọ́n kàn gbàdúrà fún mi. Ti màmá mi ló le. Mo dúró síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, mo sọ fún wọn pé mi ò bọ̀ mọ́, pé màá parí ọdún méjì náà pé pérépéré.

Wọ́n ní, "Ta ló ní kí o dúró?"

"Bàbá kan ni, mà, ní Ẹ̀pẹ́ níbí."

"Wọ́n bẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá, mà," mo dáhùn. "Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo fẹ́ lọ."