Ẹ́ńjìnnì Òsì Ti Gbóná Kí A Tó Dé

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe ní Lomé kí n tó padà wá ṣí ilé àtúnṣe alùpùpù ní àdúgbò Komah, ní ìlú Sókódé. Ìdí nìyí tí Àlàájì kan, oníṣòwò aṣọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, fi wá mi wá. Ó fẹ́ ra ọkọ̀ òfuurufú kékeré ẹlẹ́ńjìnnì méjì, àlòkù, lọ́wọ́ òyìnbó kan. Láyé ìgbà náà, ẹni tó bá ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ìjọba á fẹ́ mọ ibi tó ń gbé e lọ. Àlàájì ní òun ti gba ìwé àṣẹ.

A bá ọkọ̀ náà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ọ̀dà ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ ni. Ọ̀dà tuntun lára ohun àtijọ́ máa ń kọ mí lóminú, torí ó lè bo ibi tó ti dípẹtà. Òyìnbó ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí òun ti ṣíná sí i gbẹ̀yìn. Mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì ọ̀tún, ó tutù. Mo fọwọ́ kan tòsì, ó gbóná.

"Mọ̀síọ̀," mo bi òyìnbó náà, "ta ló ṣíná sí èyí láàárọ̀ yìí?"

"Oòrùn ni."

Oòrùn wo ló ń ràn sí apá kan ṣoṣo? Ẹ́ńjìnnì tí kì í tètè jí ni wọ́n máa ń mú gbóná de oníbàárà. Mo bèèrè ìwé àtúnṣe rẹ̀. Wọ́n ti fa ewé mẹ́ta ya níbẹ̀. Mo tú asẹ́ epo ẹ́ńjìnnì tòsì, mo fi ọ̀bẹ là á: ẹ̀rún irin ń dán nínú rẹ̀ bí ìpẹ́ ẹja, àmì pé irin inú ẹ́ńjìnnì ń jẹ ara wọn.

Mo ní kí òyìnbó náà gbé wa fò, kó dín agbára ọ̀tún kù lókè, ká mọ̀ bóyá tòsì nìkan á gbé wa. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òun kì í fi ẹ̀mí ṣeré.

Àlàájì fà mí sẹ́yìn. "Ṣé kì í ṣe ará ìlú Tchamba tó fẹ́ rà á mọ́ mi lọ́wọ́ ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, Àlàájì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rà á, ẹ má pè mí wọ inú rẹ̀."

Kò rà á, kò sì kí mi mọ́ ní mọ́ṣáláṣí. Ará Tchamba ló rà á. Lásìkò òjò, ẹ́ńjìnnì òsì kú lókè ìlú Bago, ọ̀tún nìkan ò sì lè gbé e. Awakọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú oko àgbàdo. Apá ọkọ̀ ṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò kú.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Àlàájì wá jókòó tì mí. "Má bínú, mo ṣì ọ́ rò."

Mo ní ó ti tán. N kò sọ fún un pé mo gbọ́ nígbà tí ará Tchamba fẹ́ rà á, tí n kò sì lọ kìlọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé òun náà á ní Àlàájì ló rán mi.