Orúkọ Mi Wọ Fíìmù Òyìnbó

Lónìí, mo ti orúkọ ara mi bọ inú fíìmù òyìnbó.

Láti ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti dé Èkó, kò sẹ́ni tó bá mi sọ ju "sún síwájú" lọ. Ni mo bá wọ ilé sinimá lọ́sàn-án yìí. Kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn tó ṣe é ń jáde lójú aṣọ funfun níwájú wa. Lẹ́tà kan já bọ́ látòkè, òmíràn ń yí bírí, wọ́n sáré so pọ̀ di orúkọ, wọ́n tún tú ká.

Bàbá ará Ìsàlẹ̀ Èkó tó jókòó tì mí fọwọ́ kàn mí. "Ọmọ iléèwé, àwọn wo nìyẹn?"

"Àwọn tó ṣiṣẹ́ fíìmù náà ni, sà."

"Kà wọ́n sókè. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́, ṣe là á kí i."

Bí mo ṣe ń kà á ni gbogbo àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń dáhùn: "Ẹ kú iṣẹ́ o!" Nígbà tó yá, lẹ́tà sáré jù mí lọ. Mo bá pariwo: "Gàníyù!"

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Háà, ọmọ wa wà níbẹ̀!"

Nígbà tí fíìmù parí, bàbá ní, "Ìwọ náà ńkọ́, kí lorúkọ rẹ?"

"Gàníyù, sà."

Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. "O kú irọ́! Wá jẹun nílé wa lọ́la."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ojú wo ni kí n gbé lọ?