Àmì Fàágùn Kan

Fóònù mi dún láàárọ̀ àná. Ọmọ ọmọ mi tó wà n'Íbàdàn ló kọ̀wé ránṣẹ́, kò sì fi àmì kankan sí i: "Mama, e ma wa lola." Ṣé ẹ máa wá ni, àbí ẹ má wá? Mo pè é láti béèrè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní màmá ti tún gbé àmì orí ọ̀rọ̀ wọn dé. N kò lè bá a rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ní Ẹdẹ, kí òmìnira tó dé, èmi ni mo ń bá àwọn ìyá agboolé wa kọ lẹ́tà. Wọn a sọ, èmi a kọ, màá sì fi pẹ́ńsù há etí bí akọ̀wé kóòtù. Ìgbéraga mi kò kéré.

Ìyá Àlàó, tí wọ́n ń pa èkùrọ́ tà, ló ń gbé yàrá tó kángun sẹ́nu ọ̀nà. Àlàó nìkan ni wọ́n bí. Ó ta kẹ̀kẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ sáyé, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ìyá sì fi ìbínú sọ lójú gbogbo wa pé kó má wá sílé àwọn mọ́. Ó bá kọrí sí Kùmásí.

Ní ọdún kẹta, ojú Ìyá Àlàó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Wọ́n fẹ́ rí ọmọ wọn kó tó di pé wọn ò ríran mọ́. Lọ́sàn-án Sátidé kan, wọ́n bu ẹ̀pà sísun sí mi lápò, wọ́n ní:

"Kọ ọ́ pé, Àlàó, máa wá sílé. Ọ̀rọ̀ ti tán. Má fi ti ojú mi kún un, n ò fẹ́ kó jẹ́ àánú ló máa gbé e bọ̀."

Nínú ìwé kíkọ ayé ìgbà yẹn, àmì fàágùn, ìlà kékeré kan tó wọ́, la ń fà sórí "ma" tó bá gùn. Tíṣà ti nà mí rí nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òórùn ẹ̀pà ń ta mí nímú, àwọn ẹgbẹ́ mi sì ń pè mí síta. Mo kọ ọ́, mo lẹ̀ ẹ́, mo sáré lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́.

Láti ìgbà náà, bí rélùwéè bá ti fọn fèrè, Ìyá Àlàó a dìde nídìí èkùrọ́, wọn a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọn ò ríran mọ́ rárá, wọ́n ṣì ń dúró. Wọn a bi mí bóyá mo kọ ọ́ bí àwọn ṣe wí. Màá ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Òjò ọdún méjì rọ̀ lórí ìdúró yẹn kí wọ́n tó kú.

Ọjọ́ kẹjọ ìsìnkú ni Àlàó dé. Àwọn àgbà ń bá a wí, ló bá yọ ìwé kan tó ti gbó, ó ní ìyá òun náà ló tún ránṣẹ́ pé kí òun má wá. Wọ́n ní kí n kà á sókè. Mo wo ìwé ọwọ́ ara mi: Alao, ma wa sile. Ọrọ ti tan. Orí "ma" mọ́ lólo.

Ẹ̀rù bà mí. Mo kà á pé, "Má wá sílé."

Àwọn àgbà mi orí, wọ́n ní ọkàn ìyá yẹn mà le o. Àlàó kò yà síbi sàréè. Ó wọ rélùwéè lọ́jọ́ kejì, kò sì padà mọ́ títí ó fi kú lọ́hùn-ún.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ti dákẹ́ báyìí, kí èèyàn tó ṣẹ́jú ni ìwé ti dé. Ojú ń tì mí síbẹ̀, bí ẹni tó ṣe é lánàá. Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, n kò sì rí ẹni jẹ́ ẹ fún mọ́.

Bùọ̀dá Àlàó, ìyá yín ní kí ẹ máa wá sílé. Ọ̀rọ̀ ti tán.